Okùn Àǹkàrá Tí Ìyàwó Mi Rán

Òrùlé ni mo ń tún ṣe nílùú London, ní Dagenham àti Barking. Lọ́jọ́ kan, òòlù bọ́ lọ́wọ́ mi láti òkè, ó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀. Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó ní bí nǹkan kan bá tún já bọ́ lọ́wọ́ mi, kí n máa lọ sílé.

Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fi àjákù àǹkàrá rán okùn sí gbogbo irinṣẹ́ mi, kí n lè máa so wọ́n mọ́ ọrùn ọwọ́. Olódòdó pupa ló fi sí òòlù. Inú máa ń tètè bí mi. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ káwọn òyìnbó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" Mo tú gbogbo okùn náà dànù sínú báàgì kan. Ó kàn lọ gbé ìrẹsì kaná. Ó dùn mí pé mo sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀ ẹ́.

Ní Sátidé, ọmọbìnrin wa gbé fóònù wá. "Daddy, come and see these people jàre!" Fídíò àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú sánmà ni. Ọ̀kan jọ̀wọ́ sípánà rẹ̀, kò já bọ́, ó ń pòòyì lófuurufú. Èkejì fi ẹnu fẹ́ ẹ, ó léfòó lọ bá ẹnìkẹta, ìyẹn gán an, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan tún ń wá tirẹ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn orí rẹ̀ ló wà. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ìgbà tó yá, wọ́n jáde síta ọkọ̀ láti ṣiṣẹ́. Gbogbo irinṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n fi okùn so mọ́ra.

Ìyàwó mi, tó ń bá wa wò ó, yíjú sí mi. "Daddy, ṣé àwọn yẹn kì í ṣe òyìnbó ni?"

Mo lọ mú báàgì náà.

Ní Mọ́ńdè, orí ilé kan lẹ́bàá ọjà East Street ní Barking la wà. Òjò ti rọ̀, gbogbo nǹkan ń yọ̀. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ mi. Okùn olódòdó náà fà á dúró, ó ń mì dirodiro. Mo wo ìsàlẹ̀: obìnrin kan ń ti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kọjá nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ó ń kọrin fún un.

Mo jókòó sórí òrùlé, mo pe ilé. "Má bínú," ni mo wí. "O ṣé gan-an ni."

Ẹ̀rù bà á. "Kí ló já bọ́?"

"Òòlù," ni mo ní. "Okùn rẹ ló mú un."