Ọsàn Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Gún

Títí dòní, n kì í bó ọsàn láìrántí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó máa ń gún ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára láti abúlé dé abúlé. Nílé wa n'Ìwó, kò sí ọsàn tí wọn ò ní kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ olómi gún láti fi dánra wò. Wọ́n á sọ fún ọsàn náà pé, "Ojú mi ni kó o máa wò, ọkọ mi." Omi lásán ni mo máa ń fà mu.

Lọ́jọ́ ìdánwò wọn ní Kuta, ọmọ kan dì mọ́ ìró ìyá rẹ̀, ó ń ké. Àwọn olùkọ́ ń wò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè oríkì rẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀: "Àkànní, ojú mi ni kó o máa wò, ọkọ mi." Kí Àkànní tó rántí ẹkún, abẹ́rẹ́ ti jáde.

Bí wọ́n ṣe délé, wọ́n ju ọsàn kan sí mi.

"Mo yege! Máa mu ún, mi ò gún un."