Òkè Tí A Máa Ń Fẹsẹ̀ Gùn

Òórùn pẹtiróòlù àti ti ṣitáàṣì ni òórùn ọjọ́ Ìsinmi nílé wa ní Oǹdó. Kí àwọn ará àdúgbò tó dáná òwúrọ̀, bàbá mi, tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á ti wà níta, á máa fi aṣọ rírin nu ọkọ̀ rẹ̀ funfun bí ẹni ń nu ojú ọmọ ìkókó. Màmá mi á ti lọ aṣọ wa, kàbà mi á le bíi páálí. Bàbá mi á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á wo omi, á wo ọ́ìlì, lẹ́yìn náà á ṣáná sí ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ náà á wúkọ́, á tún wúkọ́, kó tó dìde. A ó wọlé sínú rẹ̀, a ó fẹ̀yìn tì bí ọlọ́lá.

Ọlá náà kì í kọjá ìsàlẹ̀ òkè ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀ ni bàbá mi á ti dúró, á wí láìbojúwẹ̀yìn pé, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀." Màmá mi á ká ìró rẹ̀ sókè, àwa ọmọ mẹ́ta á tẹ̀lé e. Ọkọ̀ á máa gun òkè lọ níwájú wa, òun àti bàbá mi nìkan, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Lókè, á dúró dè wá. A ó tún wọlé pẹ̀lú òógùn lọ́rùn, kí á lè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó gbé mọ́tò wá. Ta la ń tàn? Gbogbo ìjọ ló mọ̀. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tilẹ̀ máa ń kí wa pé, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin onímọ́tò." Ó máa ń dùn mí wọra.

Bí a bá ráhùn, bàbá mi á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára." Mo gbọ́ ọ títí etí mi fi kún. Èmi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọkọ̀ yẹn, mo sì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo yọjú sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo nawọ́ kan kábúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pàdé afẹ́fẹ́ kó tó wọ inú ẹ́ńjìnì. Bàbá mi gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Ibi tí obìnrin ń tọwọ́ bọ̀ kọ́ nìyí."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ obìnrin ló kúkú ń gun òkè."

Ìfọ́tí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, mi ò tí ì gbàgbé. Màmá mi ní kí n lọ tọrọ àforíjì. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ọdún gorí ọdún. Bàbá mi fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ náà fẹ̀yìn tì sábẹ́ igi máńgòrò, adìyẹ ń yé sórí àga rẹ̀. Èmi di olùkọ́ físíìsì ní Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé àwọn tó ń ra irin àlòkù ń bọ̀ wá gbé e, mo gbéra lọ sí Oǹdó, mo ní ọkọ̀ náà kò lọ síbì kan.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ tó ń mú ọ fẹsẹ̀ rìn, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ máa wò ó, sà." Mo ní kí wọ́n fà á wá sí Àkúrẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mẹkáníìkì tí mo gbé e fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Arakale. Ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù fún ohun àtijọ́. "Màdáàmù, ẹ jẹ́ ká yọ ẹ́ńjìnì yìí dànù," ó ní, "ká gbé tòkunbọ̀ sí i. Ẹ máa sinmi." Mo ní rárá. Ó tún sọ ọ́ lọ́sẹ̀ kejì, mo tún ní rárá. A fọ táǹkì, a tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe, a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ọkọ̀ náà jí, ṣùgbọ́n bí a bá ti tẹ iná mọ́ ọn, ikọ́ àtijọ́ yẹn náà ni. Nígbà tó yá, mẹkáníìkì náà yọ púlọ́ọ̀gì kan, ó gbé e sójú mi. Ẹnu rẹ̀ funfun bí eérú.

"Ebi ló ń pa á, mà. Epo ò tó o."

Mo gbé kábúrétọ̀ náà lọ sílé mi ní Ijapo, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì oúnjẹ, mo sì tú u palẹ̀. Ọwọ́ obìnrin yìí náà ni. Nínú ihò tóóró tí epo ń gbà kọjá, mo rí fọ́nrán wáyà kan tí kò nípọn ju irun orí lọ, tí wọ́n rọra tẹ̀ kọ́ sẹ́nu ihò. Ìdọ̀tí kọ́. Ènìyàn ló fi í síbẹ̀.

Mo mú wáyà náà lọ bá bàbá mi ní Oǹdó. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fi í síbẹ̀," ó ní, "kí ọkọ̀ má baà mu epo jù. Ohun tí kò mu ni mo fi rán yín níléèwé."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ṣé kí n sọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé apá mi ò ká epo mọ́tò?"

Inú bí mi, ojú sì tún tì mí. Gbogbo ìgbà tí mo ń pe ọkọ̀ náà lọ́lẹ, bàbá mi ló ń febi pa á kí èmi lè kàwé. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí n dá wáyà náà padà sáyè rẹ̀, mo ní, "Rárá, sà."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo fi ọkọ̀ náà gbé òun àti màmá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá mi ti ń tẹ̀pá báyìí. Nísàlẹ̀ òkè, bàbá mi di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Dúró, ká sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ jókòó, sà. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀ kalẹ̀."

Mo tẹ iná mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà bú ramúramù, ó sì gun òkè náà, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.  Màmá mi, tó jókòó lẹ́yìn, kàn tú ìró rẹ̀ tó ti ká sókè sílẹ̀.

Lókè, níbi tí bàbá mi ti máa ń dúró dè wá, n kò dúró. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ì bá ti ju wáyà náà sínú igbó. Èmi ò jù ú, inú Bíbélì mi ló wà. Ṣùgbọ́n àforíjì tí màmá mi ní kí n lọ tọrọ, n kò tí ì tọrọ rẹ̀ títí dòní. Ẹsẹ̀ kò kàn dùn mí mọ́ ni.