Róòsì Mẹ́ta Tí Bàbá Mi Fún Mi

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó fún mi ní bàbá tó gbin òdòdó.

Òórùn róòsì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà ní Kabba. Bàbá mi, àgbẹ̀ oníṣu, ti tọrọ ẹ̀ka róòsì kan lọ́wọ́ fádà ìjọ wa, ó sì rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ọdún méjì gbáko ni ìyá mi fi ń yọ ọ́ lẹ́nu: "Bàbá Dúpẹ́, ìgbà wo la máa kórè? Ṣé a ó fi se ọbẹ̀ ni?" Bàbá á kàn rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó gé mẹ́ta tó kọ́kọ́ tanná, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé igi wọn kí ẹ̀gún má baà gún mi. "Dúpẹ́, tìẹ ni. Kì í ṣe jíjẹ o!" Mo gbé wọn dé ilé ìwé bí ẹni gbé ẹyin. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ mi sílé.

Olùkọ́ wa rí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ àgbẹ̀, níbo lo ti rí òdòdó òyìnbó? O jí i nínú ọgbà fádà!"

Mo ní bàbá mi ló fún mi. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ já wọn gbà, ó kì wọ́n bọ inú ife gbígbẹ lórí tábìlì rẹ̀, ó ní kí n kúnlẹ̀. Títí dòní ni mo ń bi ara mi: kí ló dé tí ohun tó rẹwà kò fi yẹ ọmọ àgbẹ̀?

Oko wa kò jìnnà. Rúùtù, ọ̀rẹ́ mi, sáré lọ pe bàbá mi. Bàbá dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀; kò pariwo, ó kí olùkọ́ bí a ti ń kíni ní Kabba.

"Okun o, tíṣà. Ẹni tó bá gé e ni ẹ̀gún máa ń ya lọ́wọ́. Ẹ wo ọwọ́ mi, kí ẹ wo tọmọ mi."

Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ojú ẹ̀gún. Tèmi ń dán. Olùkọ́ wo ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ máa mú òdòdó yín lọ." Kò bẹ̀ wá. Òdòdó ti rọ.

Mo ti dárí jì í, nítorí Olúwa pàṣẹ rẹ̀, mo sì máa ń tún un ṣe lọ́dọọdún, nítorí inú á tún bí mi. Èmi náà ti di olùkọ́. Ọmọ tó wà lórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò lè dìde. Èmi tí mo ti dàgbà lè dìde. Bí ọmọ kan bá gbé ohun tó dára wọ kíláàsì mi, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi í: "Ta ló fẹ́ràn rẹ tó báyìí?"

Kí Ọlọ́run fún ẹ̀yin tó ń kà á ní ẹni tí yóò gba ẹ̀gún sọ́wọ́ nítorí yín, kí ẹnikẹ́ni má sì já ayọ̀ yín gbà. Àmín.