Orin Tí Wọ́n Fi Lé Àgbà Lórí Pèpéle

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọbìnrin mi pè mí láti pálọ̀: "Daddy, ẹ wá wo bàbá yìí, it's so funny!" Wọ́n kó àwọn ohun mánigbàgbé ibi ayẹyẹ àmì ẹ̀yẹ orin kántírì, orin oko àwọn òyìnbó, ayé ọjọ́sí jọ sórí tẹlifíṣọ̀n. Àgbà olórin kan ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, orin bò ó mọ́lẹ̀, ó ń wò bọ̀ọ̀. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ó ṣojú mi.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Forest Park, lókè òkun níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ṣíbí kì í dé ẹnu rẹ̀ láìdànù. Bàbá yìí ní òun lòun kọ́ àgbà olórin yẹn ní gìtá nígbà tí wọ́n jọ wà lábúlé. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Aunty kan tá a jọ ń ṣe shift, ọmọ Ìbàdàn tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, a máa ní: "Tó bá dọ̀la, ẹ óò gbọ́ pé òun náà ló kọ́ àwọn ẹyẹ lórin."

Bàbá kì í bá a jà. "Ẹ jẹ́ kó gba àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fẹ́ fún un yìí ná. Ẹ máa gbọ́ orúkọ mi."

Nígbà tọ́jọ́ ayẹyẹ náà pé, Bàbá ní ká so táì mọ́ òun lọ́rùn. A ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Háà, ẹ̀yin èèyàn mi! Àwọn ọkùnrin tó dé fìlà tó tó òrùlé àká, tí jíìnsì fún mọ́ wọn nídìí débi tí wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, àwọn ló ń kọrin oko. Bó o bá fún wọn lọ́kọ́, wọ́n á bi ọ́ pé ibo ni wọ́n ti ń tan án. Ọ̀kan gba àmì ẹ̀yẹ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá rẹ̀, ó tún padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó forin lé e. Wọ́n polówó bíà, wọ́n tún polówó rẹ̀.

Àgbà olórin wá bọ́ sórí pèpéle. "Kí n tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," ló wí, "ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ fi gìtá lé mi lọ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ ni—"

Orin dé, èyí tí wọ́n fi ń sọ féèyàn pé àkókò rẹ̀ ti tán. Ọmọge kan tí aṣọ rẹ̀ ń kọ mànà di ìgúnpá rẹ̀ mú, ó fà á lọ bí ẹni fa ewúrẹ́ kúrò nídìí àgbàdo.

Nílé wa, olórin tí kò júbà ọ̀gá rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí já ìbà gbà lẹ́nu àgbà, wọ́n fi àyè rẹ̀ ta ọtí. Wọ́n wá ń pè é ní ohun mánigbàgbé!

"Orúkọ mi ló fẹ́ dá," Bàbá wí.

Aunty rọra fèsì: "Bóyá ti bàbá tó bí i ni, Pápà."

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn lọ sídìí táì, ó fẹ́ tú u. Mo mú rìmóòtù, mo pa ohùn tẹlifíṣọ̀n.

"Bàbá, ẹ má tú u. Ẹ sọ ọ́ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa forin lé yín níbí."

Mo yí kẹ̀kẹ́ Bàbá padà sọ́dọ̀ wa, Aunty fa àga, ó jókòó. Bàbá sọ ọ́: ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gìtá tí okùn rẹ̀ ti já kù díẹ̀, ọmọ tí ìka rẹ̀ bó tí kò fẹ́ sinmi. Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, ketekete. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn onífìlà ń yanu láìsí ohùn. Àìlóhùn náà bá wọn mu.