Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ìjà Ó-Kàn-Ọ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń kólòlò. Kì í ṣe ìwọ̀nba díẹ̀. Ọ̀rọ̀ á há sí i lọ́fun, ojú rẹ̀ á pọ́n, iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ síta. Ọdún méjì péré ló fi jù mí, kò sì gbà kí n máa sọ "ẹ" sí òun láé. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Láti kékeré, èmi ni mo ń bá a parí ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá rán wa níṣẹ́ ní Àgùdà, àdúgbò wa ní Èkó, òun á bẹ̀rẹ̀, èmi á sọ ìyókù. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe.

Nígbà tó dàgbà, ọjà Ládìpọ̀ ló ti ń ta ohun èlò mọ́tò: díńgí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò àti iná iwájú. Oníbàárà Ládìpọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó pe iye ọjà, ará ìsọ̀ kejì ti fa oníbàárà náà lọ́wọ́ wọlé. Nígbà tó yá, ó kọ iye ọjà kọ̀ọ̀kan sára páálí, ó sì ń fi ìka tọ́ka sí i. Odidi ọjọ́ lè kọjá kó má sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ.

Àǹtí kan tí èmi àti wọn jọ ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Yábàá ló mú wa wọ inú eré kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni a máa ń pàdé ní pálọ̀ wọn. Orí tábìlì la ti ń ṣe é, pẹ̀lú ìwé, bírò àti dáìsì olójú ogún. Àǹtí ló ń sọ ìtàn. Àwa mẹ́rin tó kù, kálukú ní ẹni tó ń ṣe nínú ìtàn náà. Alásà ni ẹ̀gbọ́n mi, jagunjagun tó ń gbé asà bo àwọn yòókù. Tí ìjà bá dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń gbà á. Ó kàn ọ́, o sọ ohun tó o fẹ́ ṣe, o ju dáìsì kó sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà ó kan ẹlòmíì.

Àǹtí ní òfin kan: tó bá kan ẹnìkan, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Kì í ṣe torí ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ṣe ṣe é. Tíṣà ni wọ́n, wọn ò fẹ́ ariwo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó kàn án, ó ní, "Mo... mo f-f..." Mo ti la ẹnu láti ràn án lọ́wọ́ kí Àǹtí tó wò mí láti orí gíláàsì ojú wọn. Mo pa ẹnu dé. Fáànù nìkan ló ń dún. Ó pẹ́ gan-an kó tó sọ ọ́ délẹ̀: "Mo fẹ́ dúró sí ẹnu ihò yìí kí ẹ̀yin tó kù lè kọjá."

Lọ́nà ilé lọ́jọ́ náà, láti Yábàá dé Àgùdà ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ń há, ó ń dúró, ó ń bẹ̀rẹ̀ padà, kò sì bìkítà. Mi ò rí irú ẹ̀ rí.

A ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún méjì, kí Àǹtí tó tẹ̀lé ọkọ wọn lọ sí òkè òkun. Ó wá ku èmi, ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sùúrùlérè, àti ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin yìí ló wá eré kan rí lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fi òfin eré orí tábìlì wa gan-an ṣe. Ó so láàpútọ̀pù mẹ́rin pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a sì ń bá a lọ. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà jà nínú eré náà. Ọ̀kan, a ń pè é ní ó-kàn-ọ́: gbogbo ayé á dúró títí ẹni tó kàn á fi ṣe tiẹ̀. Èkejì, a ń pè é ní kíákíá: gbogbo wa àti àwọn ọ̀tá á jọ máa jà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá lọ́ra, á kú.

Ó-kàn-ọ́ la kọ́kọ́ ń ṣe. Ìjà kan ṣoṣo lè gbà tó wákàtí kan ààbọ̀. Ọkùnrin náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń ní, "Ta ló ń sọ fún ọ̀tá lójú ogun pé kó ní sùúrù, kò tíì kàn án?"

Ẹ̀gbọ́n mi á fèsì pé, "Eré ni, k-kì í ṣe ogun. Ìrònú ló dùn níbẹ̀."

Mo rò pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a dán kíákíá wò. Gbogbo wa ń pariwo: "Sá sẹ́yìn!" "Wò mí sàn!" "Ọ̀tún, ọ̀tún!" Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ rí àwọn tafàtafà tó ń gba ẹ̀yìn wa bọ̀. Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó la ẹnu. "Ẹ... ẹ-ẹ-ẹ..." Kó tó pe "ẹ̀yìn" tán, wọ́n ti pa wá tán.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ yín tán, wọ́n ti sin wá o!"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà wá ní ká dìbò: kí ẹni tó bá fẹ́ kíákíá láti ọjọ́ náà lọ na ọwọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́. Tí mo bá ti ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn, á di méjì sí méjì, a ò sì ní yí nǹkan kan padà. Ó ti rẹ̀ mí, ìwé àwọn ọmọ ń dúró dè mí nílé láti máàkì, kí n má sì purọ́, ìjà kíákíá yẹn dùn mọ́ mi. Mo na ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ mi. Kò wo ojú mi.

Ó wá fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní òun fẹ́ lọ to ọjà ní ìsọ̀. Irọ́ ni. Mo padà dé lọ́jọ́ kan, mo bá a lórí àga níwájú ilé, ó ń wo títì. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Ó lé ní ọdún kan tí èmi nìkan fi ń lọ.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ní láti lọ dùbúlẹ̀ ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Èmi ni mo ń tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì bi í pé ibo ló ń dùn ún, mo sì ti ń dáhùn kó tó gbé ọwọ́ dá mi dúró. Nọ́ọ̀sì náà dúró. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbé láàpútọ̀pù mi lọ, mo sì gbé eré náà sí iwájú rẹ̀. Ó wò ó fínnífínní.

"O ti yí i s-sí ó-kàn-ọ́."

"Mo ti yí i."

"Kí ló dé?"

Mo ní kó máà bínú. Mo ní mi ò ronú lọ́jọ́ tí mo na ọwọ́. Ó dákẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ló há, mo sì dúró. Kò há, ó ń wá èyí tó máa sọ ni.

"Ìbò yẹn kọ́ ló dùn mí," ló wí níkẹyìn. "Ẹ̀rín yẹn ni. Àwọn tó kù lè rẹ́rìn-ín. Ìwọ... ìwọ mọ bó ṣe ń ṣe mí."

Kò ní òun ti dárí jì mí. Ó kàn fa láàpútọ̀pù mọ́ra, ó ní, "Ta... ta ló kàn?"

Oṣù mẹ́fà la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìjẹ̀bú kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì máa ń na ọrùn wò wá. "Ṣé kò ní lù ú ni?"

"Ó ń rò ó ni, sà."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kó rò ó." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, wọ́n á tún ní, "Ṣé kò tíì rò ó tán?" Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, a dé lọ́jọ́ kan, a bá ẹlòmíì lórí bẹ́ẹ̀dì bàbá náà. Kò sẹ́ni tó béèrè nínú àwa méjèèjì.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó kàn án, mo dúró. Mo dúró títí.

"Bá mi ṣe tèmi," ló wí.

"Rárá o. Màá dúró dè ọ́."

"Mo mọ̀ pé wàá dúró. Bá mi ṣe é."

Mo béèrè ohun tó fẹ́ kí n ṣe. Ó ní ohun tó bá wù mí ni kí n ṣe. Mo gbé alásà rẹ̀ síwájú ẹni tèmi, torí mo rò pé ibẹ̀ lòun náà ìbá gbé e sí. Nígbà tí mo gbójú sókè láti bi í bóyá mo ṣe é dáadáa, ó ti sùn. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ló kú, ká tó jáde lọ sí ọsibítù.

Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wa, la sin ín sí. Àgbàlagbà kan nínú ẹbí dìde, wọ́n ní ẹni jẹ́jẹ́ ni, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ènìyàn ń mi orí. Ó ń ṣe mí bíi kí n dìde kí n ní irọ́ ni, pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ọkùnrin yìí ju ti gbogbo wa lọ. Mo jókòó síbi tí mo wà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá wa bi mí ní ohun tó sọ kẹ́yìn. Mo ní ó ní kí n kí wọn, pé kí wọ́n má sunkún púpọ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń tún un wí fún ara wọn, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa gba ọ̀rọ̀ náà padà.

Lẹ́yìn tí a padà sí Èkó, ọkùnrin alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà náà àti ìyàwó rẹ̀ wá kí wa ní Àgùdà. Ọkùnrin náà ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, pé ó-kàn-ọ́ ni a óò máa ṣe báyìí, pé òun àti ìyàwó òun ti fẹnu kò. Mo dúpẹ́, mo sì sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti máa wọkọ̀. Mi ò lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tí mo bá ti lọ aṣọ iṣẹ́ mi tán, mo máa ń lọ jókòó ti ìyá wa. Wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, èmi á máa gbọ́.