Ẹ̀wà Ẹnìkejì Mi

Lọ́dún tí mo ṣe àgùnbánirọ̀, abà kan lẹ́yìn Igangan ni wọ́n gbé mi sí, pé kí n máa pín ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé. Oṣù kẹfà ni, iṣu tuntun ò tíì jáde, láfún ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, láfún náà ni lálẹ́. Ẹ̀wà kún yàrá mi, ẹnì kan ò sì wá gbà á.

Wọ́n ń kí mi dáadáa o. Wọ́n á béèrè ara ilé, wọ́n á sì kọjá lọ. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè gba ìkíni báyẹn kó má sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ó dùn mí wọra.

Ọmọbìnrin kékeré kan ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Ilé tó kọjú sí tèmi ló ń gbé pẹ̀lú ìyá ìyá rẹ̀. Irun rẹ̀ ti pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́. Mo gbé ẹ̀wà lọ bá ìyá àgbà náà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ ṣeun o, ọmọ ìjọba. Ìjọba kì í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Bá a bá jẹ ẹ́ lónìí, owó orí ló ń bọ̀ lọ́la."

Inú bí mi. Ebi ń pa ọmọ, àgbà ń ro ti owó orí!

Ọjọ́ ìbí mi bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìbejì ni mí. Ẹnìkejì mi ti rìnrìn àjò láti kékeré; bẹ́ẹ̀ là ń wí i, nítorí a kì í sọ pé ìbejì kú. Ọdọọdún ni ìyá mi ń se ẹ̀wà fún wa, tí àwọn ọmọ àdúgbò á wá jẹ. N kò ro ti iṣẹ́ lọ́jọ́ náà; àárò ilé ló ń sọ mí. Mo bu lára ẹ̀wà tó kún yàrá mi, mo gbé e kaná, mo da epo sí i, mo bu ti ẹnìkejì mi sọ́tọ̀, mo wá ké sí àwọn ọmọdé pé kí wọ́n wá jẹ ẹ̀wà ìbejì.

Gbogbo abà tú jáde. Ta ni yóò ní kí ọmọ òun má jẹ ẹ̀wà ìbejì ní Ìbàràpá?

"Ṣé ìbejì ni yín, lẹ wá panu mọ́ látọjọ́ yìí?" ni àwọn ìyá ọmọ ń wí.

Ìyá àgbà ló dé kẹ́yìn, ó fa ọmọ náà lọ́wọ́. Ó rí abọ́ tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ti ẹnìkejì rẹ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ta ni yóò bá a jẹ ẹ́?"

Mo gbé e fún ọmọ náà. Ó jókòó tì mí, ó rọra jẹ ẹ́ tán, ó sì na abọ́ sí mi pé kí n tún bu sí i. Mo bu tèmi fún un, mo sì sunkún níṣojú gbogbo wọn.