Bí A Ṣe Yọ Nàìjíríà Kúrò Lẹ́gbẹ́ ní Mushin

Àwa tí wọ́n lé kúrò ní Gánà ní ẹgbẹ́ kan ní Mushin. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù nínú wa, Kùmásí la sì ti ṣòwò. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù, a máa ń jókòó sábẹ́ páànù nílé alága, a ó máa bú ìlú tó lé wa títí ẹnu á fi gbẹ. Èdè Àṣàǹtí la sì fi ń bú u. Èébú wọn dùn lẹ́nu ju tiwa lọ.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, rédíò ń pariwo pé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti dẹgbẹ́, pé ọmọ Gánà lè wọ Nàìjíríà, àwa náà sì lè lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò ní lé ẹnikẹ́ni ní bodè. Ìyàwó mi, ọmọ Àṣàǹtí, ṣì wà ní Kùmásí pẹ̀lú ọmọbìnrin wa. Ọmú ni ọmọ náà ń mu nígbà tí mo sá. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹbí ìyá ló ni ọmọ; ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin ló láṣẹ lórí rẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ pé níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà ti ṣí, òun á jẹ́ kí ọmọ wá kí mi. Mo ra bẹ́ẹ̀dì. Mo ra bàtà, èmi tí mi ò mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe tó.

Àfi bí alága ṣe dìde nípàdé, tó ní ká kọ̀wé sí ìjọba kí Nàìjíríà tètè jáde nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún.

"Àwọn tó lé wa bí ajá ni wọ́n tún ń bọ̀ wá jẹun nílé wa! Bíríkìlà Gánà, tíṣà Gánà, ṣúméékà Gánà!"

"Alága, ẹ rọra o," ni ìyá aláṣọ kan wí. "Ṣebí ṣúméékà Gánà ló rán èyí tẹ́ ẹ wọ̀ sẹ́sẹ̀ yẹn?"

"Ẹ dákẹ́ jàre, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ ra aṣọ ní Kùmásí lóṣooṣù!"

Mo dìde. Mo ti to ọ̀rọ̀ sínú dáadáa: pé bí a bá jọ wà lẹ́gbẹ́, a ó rí ẹni bi léèrè bí wọ́n bá tún fẹ́ lé wa, pé ẹni tó bá ti jáde nípàdé ò lẹ́nu níbẹ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ò ju, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ń bọ̀."

"Ẹ wo àna Àṣàǹtí!" ni ẹnìkan kígbe. "Tó bá dùn mọ́ ọ, tẹ̀ lé wọn lọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sókè. Báyìí la ṣe yọ Nàìjíríà kúrò, lábẹ́ páànù.

Nígbà tí ìyá aláṣọ ti Kùmásí dé, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Kò lè wo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mo yà nílé àna yín, wọ́n sì béèrè ìròyìn Èkó lọ́wọ́ mi. Mo fi ọ̀rọ̀ ìpàdé wa ṣẹ̀fẹ̀. Àna yín ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò lè fi ọmọ àbúrò òun ránṣẹ́ sáàárín àwọn tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n á fi tilẹ̀kùn."

Mo sáré dé ilé alága, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi ránṣẹ́ sí Kùmásí pé ẹgbẹ́ ti yí ọ̀rọ̀ padà. Oúnjẹ ló ń jẹ.

"Kí lo wá ń gbọ̀n sí? Ìwé yẹn ò tíì kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ìjọba ò tíì gbọ́ nǹkan kan."

"Kùmásí ti gbọ́, sà."

Ó fọ ọwọ́. "Nígbà náà, ní sùúrù di ìparí oṣù. Èmi nìkan ò lè dá yí ìpinnu ẹgbẹ́ padà. Dìde, ilẹ̀ yẹn ò mọ́."

Mi ò dìde.